Ẹ gbà mí o: oúnjẹ wo ni kí n pè nílé oúnjẹ àwọn ará Íńdíà lálẹ́ òní?

Àbíkẹ́ SE15 (4:52)
Ẹ̀yin èèyàn mi, kíákíá ni o. Ilé oúnjẹ àwọn ará Íńdíà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù onígàrí la ń lọ ní aago 7. Mi ò wọbẹ̀ rí. Kí ni kí n pè? Èmi nìkan kọ́ ni mò ń lọ.

Bàbá Ìbejì (4:58)
Ṣé ti ẹ̀gbẹ́ onígàrí gan-an, àbí ti òdìkejì títì tí wọ́n kùn ní pupa? Ará Bangladesh ni ti ẹ̀gbẹ́ onígàrí. Sylhet ni wọ́n ti wá, bí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta "oúnjẹ Íńdíà" ní London yìí. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní ẹran tí wọ́n fi shatkora sè. Ìbátan ọsàn wẹ́wẹ́ ni, èèpo rẹ̀ ni wọ́n máa ń gé sínú ọbẹ̀. Ó korò díẹ̀, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀!

Ọmọ Ìjẹ̀bú N17 (5:03)
Ẹ ṢỌ́RA FÚN POPADOM. Èmi, ìyàwó mi àtọmọ méjì la lọ síbì kan lọ́dún tó kọjá. A ò tíì fìdí lélẹ̀ dáadáa tí wọ́n ti gbé nǹkan pẹlẹbẹ kan wá, ó ń dún kàràkàrà lẹ́nu, òun àti abọ́ kéékèèké mẹ́rin: máńgòrò aládùn, àlùbọ́sà, yúgọ́ọ̀tì, ata kan báyìí. Mo rò pé bí a ṣe ń gbé obì kalẹ̀ fún àlejò ni. A jẹ 10. Bíìlì dé, £14! Wọ́n ka abọ́ àlùbọ́sà mọ́ ọn. Wọ́n tún lé owó sáfíìsì sórí ẹ̀.

Ìyá Rókà (5:06)
Ta ló ní kẹ́ ẹ jẹ 10? Ó wà nínú mẹ́nù.

Ọmọ Ìjẹ̀bú N17 (5:07)
Ta ní ń wá ohun tí ò pè nínú mẹ́nù?

Ìyá Rókà (5:09)
Ìjẹ̀bú àtowó!

Agbẹjọ́rò Adúgbò (5:15)
Tí wọ́n bá ti kọ "discretionary" (pé kò pọn dandan) sí ẹ̀gbẹ́ owó sáfíìsì yẹn, ẹ lè ní kí wọ́n yọ ọ́. Kò dọ̀rọ̀ ìjà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú N17 (5:16)
Èmi ò bá sáfíìsì jà. POPADOM ni mò ń wí.

Sùnbọ̀ Party Rice (5:22)
Ẹ dákun, ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń ta basmati alápò 20kg lówó pọ́ọ́kú? Ìsọmọlórúkọ ni, Sátidé.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́ (5:30)
Àbíkẹ́, ta lẹ̀ ń mú lọ? Ọbẹ̀ korma kì í ta lẹ́nu, àmọ́ álímọ́ńdì tàbí káṣú sábà máa ń wà nínú ẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ bá kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kó tètè sọ. Dandan ni kí wọ́n dáhùn, òfin ni.

Akin Akọ (5:34)
Kí ọmọ Yorùbá máa pe korma? Vindaloo ni!

Bàbá Ìbejì (5:41)
Akin, vindaloo kì í ṣe ata lásán. Goa ní Íńdíà ló ti wá, lọ́dọ̀ àwọn tí Potogí jọba lé lórí. Fínégà àti aáyù ni ìdí ọbẹ̀ yẹn. Àwọn ilé oúnjẹ ìhín ló sọ ọ́ di ìdíje ata.

Akin Akọ (5:42)
Ata rodo ni wọ́n fi wẹ̀ mí.

Mọ́remí Camberwell (5:50)
Ẹ pe saag gosht, ẹran inú ẹ̀fọ́ ni, ilé ni ẹ ó rò pé ẹ wà. Bhindi náà, ilá ni. Naan ni kẹ́ ẹ fi jẹ ẹ́, ẹ fọwọ́ ọ̀tún bù ú bí òkèlè. Kò sẹ́ni tó máa wò yín lẹ́ẹ̀mejì níbẹ̀.

Àbíkẹ́ SE15 (6:31)
Ẹ ṣé o. Màámi ni mò ń mú lọ. Àná ni wọ́n dé láti Ìbàdàn, wọ́n pé 70 lónìí.

Ìyá Rókà (6:33)
Háà! O ò sì sọ látàárọ̀! Àmàlà ni kó o wá lọ.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́ (6:34)
Ẹ̀jẹ̀ wọn ń kọ́? Ṣé kì í ru?

Àbíkẹ́ SE15 (9:47)
A ti délé. Màámi ò fọwọ́ kan mẹ́nù. Wọ́n dìde, wọ́n lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá òyìnbó kan ní tábìlì kejì, wọ́n kí i, wọ́n wo abọ́ rẹ̀, wọ́n ní "ìyẹn ni kí wọ́n bù wá." Vindaloo ni, pẹ̀lú chips. Ọmọ tó ń gbé oúnjẹ kìlọ̀ fún wọn lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín sí i. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n fi chips nu abọ́. Wọ́n tọ́ ilá tí mo pè wò, ó gbẹ táútáú, wọ́n ní, "Ta ló dín ilá báyìí? Kí ló ṣe é tí kò fi yọ̀?" Korma tí èmi ń jẹ, wọ́n ní oúnjẹ ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ni.
Popadom 6 la jẹ. Màámi fẹ́ràn ẹ̀ púpọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú N17 (9:49)
Èló ni wọ́n gbà?