Ẹ gbà mí o: kíláàsì kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí mò ń ṣe ní Ẹ̀pẹ́ fẹ́ dàrú

Tíṣà Ẹ̀pẹ́
Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, ó sì ń dùn mí dọ́kàn. Nítòsí ọjà Olúwo ni mo ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́: àwọn ìyá ẹlẹ́ja, àti àwọn ọmọ tó parí girama tí wọn ò tíì ríṣẹ́. Ẹnikẹ́ni ò san kọ́bọ̀. Síbẹ̀, yàrá tí èèyàn máa ń kún fọ́fọ́, àga lásán ló kù síbẹ̀ báyìí. Wọ́n ní mò ń fi orúkọ wọn gbowó lọ́wọ́ òyìnbó. Àwọn kan tilẹ̀ ní yahoo ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ wọn. Ẹni tó ta ìnfátà fún mi, ẹ̀rọ tó ń fi iná bátìrì gbé kọ̀ǹpútà, ṣèlérí wákàtí mẹ́fà. Kì í pé wákàtí kan tó fi ń ké píì-píì. Mo pè é títí, kò gbé e. Dátà tí mo bá rà, Windows á ti fi ṣe update tán kí akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó. Ẹni tó ṣèlérí jẹnẹrétọ̀ fún wa nígbà ìbò, tó bá rí mi lọ́ọ̀ọ́kán báyìí, á yà gba ọ̀nà míì. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe tí wọ́n á fi padà wá?

Ọmọ Àgbàdárìgì
Ẹ kú ìfaradà, Tíṣà. Ọ̀dọ̀ ìyálọ́jà ni kí ẹ lọ. Tó bá ti fọwọ́ sí i, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e.

Àdùkẹ́ Pópó Ọba
Ìyálọ́jà ni o. Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kéde rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn Jímọ́ọ̀. Àwọn èèyàn wa ò gba ọ̀fẹ́ gbọ́, ohun tójú wọn ti rí ló fà á.

Onísólà Ìkòròdú
Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó wà nílẹ̀ ná. Tíṣà, kọ̀ǹpútà mélòó ni? Làpútọ́ọ̀pù àbí dẹ́sítọ́ọ̀pù? Ìnfátà yín jẹ́ kVA mélòó (bí agbára rẹ̀ ṣe tó), bátìrì mélòó, Ah mélòó (bí iná tí bátìrì ń gbé pa mọ́ ṣe tó)? Ẹ bú ẹni tó tà á, ẹ ò sọ ohun tẹ́ ẹ gbé lé e.

Tíṣà Ẹ̀pẹ́
Mẹ́wàá ni. Dẹ́sítọ́ọ̀pù ni gbogbo wọn, àwọn kan tó ń kó ọ́fíìsì kúrò ló fi tọrẹ. Ìnfátà 1.5kVA, bátìrì kan, 200Ah. Ṣùgbọ́n ó sọ wákàtí mẹ́fà fún mi o, ẹlẹ́rìí wà.

Onísólà Ìkòròdú
Ẹ wo ìṣirò. Dẹ́sítọ́ọ̀pù kan pẹ̀lú monitor rẹ̀ ń jẹ bíi 120W (wáàtì, bí iná tó ń jẹ ṣe pọ̀ tó). Mẹ́wàá, 1,200W nìyẹn. Bátìrì 12V, 200Ah: ẹ fi 12 sọ 200 di púpọ̀, 2,400Wh, ìyẹn iye wáàtì tó lè gbé fún wákàtí kan. Tó bá jẹ́ bátìrì olómi tàbí gel, ìdajì ni kí ẹ lò nínú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á kú láìpẹ́. Ó ku 1,200Wh. Ìnfátà fúnra rẹ̀ á jẹ bíi 15 nínú 100. Ó ku 1,020Wh. Ẹ fi 1,200W pín in: ìṣẹ́jú 51. Kódà kò ní tó bẹ́ẹ̀, torí 200Ah tí wọ́n kọ sára bátìrì, ìyẹn tẹ́ ẹ bá rọra fà á fún wákàtí ogún, bíi 10A (ampere, bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó). Ẹ̀yin ń fa ohun tó lé ní 100A lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Tó bá jẹ́ làpútọ́ọ̀pù tó ń jẹ 30W, mẹ́wàá á jẹ́ 300W, bátìrì kan náà á gbé e kọjá wákàtí mẹ́ta. Ẹ ta dẹ́sítọ́ọ̀pù mẹ́fà, ẹ fi ra làpútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ bí mẹ́ta, kí èèyàn méjì méjì máa lo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá sì ní laser printer, ẹ má so ó mọ́ ìnfátà yẹn láéláé. Nígbà tó bá ń gbóná láti tẹ ìwé, iná tó ń fà á pọ̀, ìnfátà á pa ara rẹ̀.

Ẹ wo wáyà tó wà láàárín bátìrì àti ìnfátà pẹ̀lú. Tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí tó gùn jù, iná á dínkù lórí rẹ̀, ìnfátà á rò pé bátìrì ti tán, á máa ké nígbà tí iná ṣì wà níbẹ̀.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe
Ti dátà: ẹ wọ Settings, Network & internet, ẹ tẹ Wi-Fi tẹ́ ẹ ń lò, ẹ tan "Metered connection". Windows ò ní máa fa update ńlá mọ́. Ẹ pa OneDrive náà, tó ń kó fáìlì yín lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Tó bá jẹ́ Windows 10 ló wà lórí wọn, Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ dúró láti 14 Oṣù Kẹwàá 2025, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ báǹkì rẹ̀ lórí wọn. Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ tí ẹ lè fi rọ́pò Windows, ẹ̀yà rẹ̀ tó fúyẹ́ tí wọ́n ń pè ní Xfce, á ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tí RAM rẹ̀ jẹ́ 2GB, 4GB ló sì tù ú lára.

Ohun tí mo máa ṣe ni pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni màá gbé Kolibri sí, app ẹ̀kọ́ tó ń ṣiṣẹ́ láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni. Ibi tí Wi-Fi bá ti wà ni kí ẹ ti wa àwọn ẹ̀kọ́ rẹ̀ sórí ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wá ra ráútà kékeré tí kò nílò SIM, kí ẹ̀rọ náà àti fóònù gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ so mọ́ ọn. Wọ́n á kọ nọ́ńbà IP ẹ̀rọ náà (nọ́ńbà tí ráútà fún un) sínú browser, wọ́n á fi :8080 kún un, ẹ̀kọ́ á ṣí. Kò sí dátà tó ń jáde. Kiwix náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún Wikipedia, èyí tí wọ́n kọ ní Yorùbá sì wà níbẹ̀, kò tóbi.

Ọmọ Àgbàdárìgì
Linux kẹ̀? Ọmọ tó ń wáṣẹ́, Word àti Excel ni wọ́n máa bi í. Ẹ má fi àkókò àwọn ọmọ ṣòfò.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe
LibreOffice Calc, app ọ̀fẹ́ tó dà bí Excel, ń ṣí fáìlì Excel. SUM, IF, sort, filter, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lórí ọ̀kan, kò ní pẹ́ kó tó mọ ìkejì.

Ìyá Aláṣọ
Gbogbo ẹ̀yin ọkùnrin wọ̀nyí, ẹ ti sọ wáyà, ẹ ti sọ Linux. Kí ni ẹ̀ ń kọ́ ìyá tó ń ta ẹja, Tíṣà? Aago mélòó sì ni?

Tíṣà Ẹ̀pẹ́
Aago mẹ́wàá àárọ̀. Bí wọ́n ṣe ń lo mouse, títẹ lẹ́tà, lẹ́yìn náà Word. Ó wà nínú ìlànà ẹ̀kọ́ tí mò ń lò.

Ìyá Aláṣọ
Aago mẹ́wàá, tí ẹja ṣì wà lórí igbá! Ẹ sún un sí aago mẹ́ta ọ̀sán. Ẹ sì fi mouse sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Fóònù tó wà lọ́wọ́ wọn ni kí ẹ kọ́ wọn. Ohun tó ń jẹ wọ́n níyà lọ́jà ni alert ayédèrú. Oníbàárà á fi text hàn wọ́n, á gbẹ́ja lọ. Ẹ kọ́ wọn pé text kì í ṣe owó: iye tó wà nínú àkáǹtì ni kí wọ́n wò, lórí app tàbí lórí USSD báǹkì wọn, kí ẹja tó kúrò nínú igbá.

Ẹ kọ́ wọn ní *310# láti wo owó ìpè, *323# láti wo dátà tó kù. Ó jẹ́ ọ̀kan náà lórí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Lórí WhatsApp, ẹ pa auto-download fọ́tò àti fídíò, ibẹ̀ ni dátà wọn ń gbà lọ. Ẹ tan two-step verification fún wọn, kí kálukú yan PIN onínọ́ńbà mẹ́fà tirẹ̀, kí ẹ̀yin má sì wò ó. Nọ́ńbà mẹ́fà tí WhatsApp bá fi ránṣẹ́, wọn ò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ọmọ ìyá wọn pàápàá. Yorùbá ni kí ẹ fi sọ gbogbo rẹ̀.

Alága Ẹgbẹ́
Tíṣà, ìbéèrè kan. Tí ẹnì kan bá wá forúkọ sílẹ̀, kí ni ẹ ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀?

Tíṣà Ẹ̀pẹ́
Orúkọ, nọ́ńbà fóònù, àdúgbò, àti NIN. Mo máa ń ya fọ́tò slip náà sórí fóònù mi torí onígbọ̀wọ́ fẹ́ ẹ̀rí pé èèyàn gidi ni wọ́n. N ò gba BVN o. N ò sì fún ẹlòmíì.

Àdùkẹ́ Pópó Ọba
Háà! Ìdí abájọ. Ẹ̀ ń gba NIN lọ́wọ́ ìyá olójà, ẹ wá ń bi wá pé kí ló lé wọn.

Onísólà Ìkòròdú
Ẹ yé bínú sí i. Àwọn onígbọ̀wọ́ ló ń béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ìyá Aláṣọ
Kí onígbọ̀wọ́ wá gbà á fúnra rẹ̀ nígbà náà. Ohun tí mò ń gbọ́ lọ́jà ni pé NIN ni wọ́n fi ń yá owó lórúkọ ẹni. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe àìmọ̀kan.

Alága Ẹgbẹ́
Tíṣà, òfin ìdáàbòbò dátà ti Nàìjíríà, ti ọdún 2023, ní ohun tí iṣẹ́ yín nílò nìkan ni kí ẹ gbà, kí ẹ sì sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe. Kíkọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń lo fóònù ò nílò NIN. Ẹ ka fọ́ọ̀mù onígbọ̀wọ́ yẹn dáadáa: ṣé NIN ni wọ́n kọ síbẹ̀?

Tíṣà Ẹ̀pẹ́
"Ẹ̀rí ìdánimọ̀ akẹ́kọ̀ọ́" ni wọ́n kọ. Èmi ni mo rò pé NIN ló dáa jù torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní in.

Alága Ẹgbẹ́
Kò béèrè NIN nìyẹn. Orúkọ, ọjọ́ tó wá, àti ìfọwọ́sí tàbí ìtẹ̀ka ti tó. Ẹ kọ lẹ́tà sí onígbọ̀wọ́ lónìí, kí ẹ sọ pé èyí ni ẹ óò máa fi ránṣẹ́. Ti fọ́tò, ẹ má kàn pa á rẹ́ ní Gallery. Ẹ wo Google Photos, torí tí backup bá wà ní títàn, ó wà níbẹ̀ náà. Trash rẹ̀ sì ń gbé e pa mọ́ fún ọgọ́ta ọjọ́, ẹ ní láti kó o dànù níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ wá a níbẹ̀, kí ẹ sì ní kí ẹni tó gbà á pa tirẹ̀ rẹ́. Ojú ewé ìwé tí NIN wà, ẹ já a, ẹ sun ún lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ ìyálọ́jà. Tẹ́ ẹ bá lọ ṣáájú, NIN ni wọ́n á kọ́kọ́ bi yín.

Tíṣà Ẹ̀pẹ́
Mo gbọ́. Màá kọ lẹ́tà náà. Aago mẹ́ta náà dáa. Ṣùgbọ́n Onísólà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo wáyà yẹn: ó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti iná ilé, ó sì gbóná tí mo fọwọ́ kàn án. Nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun wà lẹ́nu bátìrì.

Onísólà Ìkòròdú
Ẹ pa á kíákíá, ẹ má tan án mọ́ títí ẹ ó fi pààrọ̀ wáyà, ó lè dá iná sílẹ̀. Ẹ ra wáyà tó nípọn tó 35mm² ó kéré tán, kó má gùn ju mítà kan lọ, kí wọ́n fi irin tẹ ẹnu rẹ̀ mọ́ lug (irin tí wọ́n fi ń so wáyà mọ́ bátìrì), kí wọ́n sì fi fuse sí ẹ̀gbẹ́ pọ́sítíífù. Funfun yẹn, ẹ yọ wáyà nẹ́gátíìfù kọ́kọ́, ẹ fi omi gbóná díẹ̀ àti baking soda fọ̀ ọ́ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì eyín àtijọ́, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi Vaseline ra ojú rẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá so ó tán. Ẹ má jẹ́ kí omi ìfọ̀ náà wọ inú bátìrì.