Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, àwọn tí mo kọ́ sáìtì fún ni wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi

Ọmọ Tanke:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ Jímọ̀, mi ò rí oorun sùn. Tanke ni mò ń gbé níbí ní Ìlọrin, mo ní sáìtì kan tí àwa tí à ń kọ́ kóòdù ti máa ń bi ara wa ní ìbéèrè, èdè Yorùbá la fi ń bára wa sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Èmi nìkan ni mo jókòó kọ ọ́, oṣù mẹ́ta gbáko, tí iná ò bá sí màá gbé láptọ́ọ̀pù lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi ní Òkè-Odò lọ bá wọn gba iná jẹnẹrétọ̀. Kò sẹ́ni tó fún mi ní kọ́bọ̀ owó iṣẹ́.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe fún mi. Èmi fúnra mi ni mo ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n bá fẹ́ ká tún ṣe lórí sáìtì, mo rò pé wọ́n á sọ mẹ́ta mẹ́rin, wọ́n kó mọ́kànlélógójì lé mi lórí! Ọ̀kan ní kí n jẹ́ kí ojú ewé máa dúdú lálẹ́ torí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ ń ta òun lójú. Ọ̀kan ní fọ́tò tó wà lókè ń jẹ dátà òun, kí n yọ ọ́, bẹ́ẹ̀ àbúrò mi obìnrin ló fọwọ́ ara ẹ̀ ya àwòrán yẹn. Ọ̀kan ní tí òun bá ti lẹ kóòdù Python, èdè kóòdù tí à ń kọ́, síbẹ̀, àlàfo iwájú ìlà ló ń pòórá, gbogbo ìlà á lọ sún mọ́ ògiri. Ọ̀kan ní òun tẹ "ìdí" tòun tàmì síbi search títí, kò rí nǹkan kan. Èyí tó dùn mí jù ni ọmọkùnrin kan tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ ní HTML, èdè tí wọ́n fi ń to ojú ewé sáìtì, àní mo jókòó tì í, òun ló kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé "sáìtì yìí ti bà jẹ́, ẹ gbé e fún ẹlòmíì." Mo bá ti ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ yẹn pa. Wọ́n ti lọ ṣí ẹgbẹ́ tuntun sórí Telegram báyìí. Ṣé kí n ti sáìtì náà pa pátápátá ni àbí kí n kàn yọ àwọn tó ń bú mi kúrò? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bú mi kún un.

Alfa Gàmbàrí:
Salaamu alaikum. Ọmọ mi, fọkàn balẹ̀. Ẹni tí nǹkan ẹ bá ti sú kì í jókòó ka ohun mọ́kànlélógójì sílẹ̀ fún ẹ, ńṣe ló máa bá tiẹ̀ lọ. Wọ́n fẹ́ràn ibẹ̀ ni. Má ti nǹkan kan pa.

Kóòdà Ọ̀fà:
Àbúrò, ti Python yẹn kì í ṣe ìjà rárá. Àlàfo iwájú ìlà ni Python fi ń mọ ohun tó wà nínú if, bó ṣe rí nìyẹn láti 1991 tí Guido van Rossum ti gbé e jáde. Tí àlàfo bá ti lọ kóòdù ò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹni tó fẹ́ ran èèyàn lọ́wọ́ gan-an ò ní mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. HTML ló máa ń pa àlàfo mẹ́rin márùn-ún pọ̀ di ẹyọ kan. Kó kóòdù wọn sínú pre, àmì HTML tí kì í pa àlàfo pọ̀, ó parí, kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Fọ́tò yẹn ńkọ́, MB mélòó ni?

Ọmọ Tanke:
Ẹ ṣé ẹ̀gbọ́n. 4MB ni. Ṣùgbọ́n mi ò lè yọ ọ́, inú àbúrò mi á bà jẹ́.

Màmá Ìbejì, Òmù-Àrán:
4MB kó tó ka ìbéèrè kan ṣoṣo! Ọmọ mi, ẹ ṣàánú wa. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì mi ń kọ́ kóòdù yìí, fóònù mi ló ń lò torí tiẹ̀ ti fọ́ lójú, ojú fèrèsé yàrá mi nìkan ni nẹ́tíwọ̀kì ti ń mú nílé wa, á dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ń retí àlejò, àwòrán á máa já wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ látòkè, orí á kọ́kọ́ yọ, ó di ẹ̀yìn ìgbà pípẹ́ kó tó kan ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan dátà tí mo fẹ́ fi bá oníbàárà mi sọ̀rọ̀ lórí aṣọ ló tán síbẹ̀. Mo nà án, mo wá padà bẹ̀ ẹ́. Ẹ ò sì lè dín àwòrán náà kù ni?

Ojú Ọkàn:
Èmi ò ríran, TalkBack ló ń ka fóònù mi sí mi létí. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ bi ẹni tó ni sáìtì. Nínú mọ́kànlélógójì yẹn, ṣé ẹnì kankan sọ pé kí ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa ya fọ́tò kóòdù síbẹ̀ mọ́? Torí tí mo bá dé orí fọ́tò, mi ò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Bọ́tìnnì tẹ́ ò fún lórúkọ náà bẹ́ẹ̀, "button, button, button" ni màá kàn máa gbọ́, mi ò mọ èyí tó ń fi ìbéèrè ránṣẹ́ àti èyí tó ń pa á rẹ́. Ìbéèrè mi méjì ni mo ti fọwọ́ ara mi pa rẹ́ báyẹn níbòmíì.

Ọmọ Tanke:
Ó wà níbẹ̀ sà, nọ́ńbà 17. Mo rò pé ẹni náà kàn ń ṣàfẹ́rí àléébù ni. Ẹ má bínú.

Omo Adeta:
Emi o mo idi ti e fi n daamu ara yin lori ami. Ta lo n te ami lori foonu? E yo gbogbo ami kuro nibe, search a sise, oro pari.

Kóòdà Ọ̀fà:
Rárá o. Ẹnì kan béèrè pé kí ni ìtumọ̀ igba tí sáfà (kọ̀ǹpútà tó gbé sáìtì) fi dá òun lóhùn, ìyẹn 200 tó túmọ̀ sí pé nǹkan lọ dáadáa, tẹ́ ẹ bá yọ àmì, báwo lẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ìgbà? Ohun tí èèyàn bá kọ, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe kọ ọ́. Ibi tí search ti ń wá nǹkan nìkan ni kó ti gbójú fo àmì. Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Ẹ wo ẹ́ yìí. Fóònù kan á fi ẹ tó ti ní àmì ìsàlẹ̀ tẹ́lẹ̀ ránṣẹ́, á wá gbé àmì òkè lé e. Òmíràn á fi e lásán ránṣẹ́, á wá to àmì méjèèjì lé e. Lójú tiwa ọ̀kan náà ni, lójú kọ̀ǹpútà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹ sọ gbogbo ẹ̀ di NFC, ìyẹn ọ̀nà kan ṣoṣo láti to lẹ́tà àti àmì ẹ̀, kó tó wọlé, ìyẹn á tún nǹkan ṣe.

Omo Adeta:
Iya mi o mo ami, won si n ka message mi lojoojumo. E ma pariwo mo mi.

Kóòdà Ọ̀fà:
Mi ò pariwo. Àbúrò Tanke, ẹni tó wá "ìdí" tí kò rí nǹkan yẹn, kí ló wà nínú àwọn ìbéèrè àtijọ́ gan-an?

Ọmọ Tanke:
Ṣé ẹ rí i, àwọn àtijọ́ yẹn ò ṣeé kà dáadáa mọ́.

Kóòdà Ọ̀fà:
Kí lo sọ? Mú ọ̀kan wá ká rí i.

Ọmọ Tanke:
? j????, báwo ni mo ?e lè k?? Python

Kóòdà Ọ̀fà:
Há. Gbogbo wọn ló rí báyìí? Ṣé ? gidi ni, àbí o ń rí áº¹ níbòmíì? Tó bá jẹ́ áº¹, ọ̀rọ̀ ṣì wà nínú ẹ̀, a lè yí i padà. Tó bá jẹ́ ?, ó ti lọ nìyẹn.

Ọmọ Tanke:
? ni ẹ̀gbọ́n. Gbogbo wọn. Oṣù tó kọjá ni mo kó sáìtì kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀ torí dọ́là ni wọ́n ń gbà, owó ọdún tí àwọn ará wa dá ò tó o mọ́. Mo rí èyí tó rọjú, mo kó gbogbo ẹ̀ lọ síbẹ̀, àfi ìgbà tí mo wò ó.

Màmá Ìbejì, Òmù-Àrán:
Owó tí wọ́n dá? Ẹ̀yin kọ́ lẹ ní kò sẹ́ni tó fún yín ní kọ́bọ̀?

Ọmọ Tanke:
Owó iṣẹ́ ni mo sọ mà. Àwọn 23 ló dá 2,000 2,000, ilé tí sáìtì ń gbé la fi san, mi ò jẹ níbẹ̀, wallahi. Mi ò sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ wọn ti bà jẹ́ ni. Ojú ló ń tì mí. Mo ní kí n kọ́kọ́ tún un ṣe.

Alfa Gàmbàrí:
Ọmọ tó sọ pé sáìtì ti bà jẹ́ yẹn, òótọ́ ló sọ fún ẹ nìyẹn. Kò bú ẹ.

Kóòdà Ọ̀fà:
Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ibi àkọ́kọ́ yẹn ńkọ́? Ṣé ó ṣì wà?

Ọmọ Tanke:
Ó ṣì wà. Ọ̀la ló ń parí, aago méjìlá òru.

Kóòdà Ọ̀fà:
Kó o tó mú omi mu, wọ phpMyAdmin ibẹ̀ lọ, ibi tí wọ́n ti ń bójú tó database, àpótí tí ọ̀rọ̀ sáìtì wà, ṣe export, kó gbogbo ẹ̀ jáde sínú fáìlì, kó jẹ́ utf-8, ìlànà tó mọ gbogbo lẹ́tà wa. Má kó o lé ti tuntun yìí lórí o! Dá database mìíràn sílẹ̀, kó jẹ́ utf8mb4, ìyẹn utf-8 ti database, latin1 tí kò mọ gbogbo lẹ́tà wa ni ti tuntun yìí, mo ti mọ̀, torí ẹ̀ ló ṣe fi á àti è sílẹ̀ tó wá gbé ẹ, ọ àti ṣ mì.

Ọmọ Tanke:
Iná ò sí láti àárọ̀. Láptọ́ọ̀pù mi ku 9%. Ẹ̀gbọ́n mi ò ṣí ṣọ́ọ̀bù lónìí.

Màmá Ìbejì, Òmù-Àrán:
Ìwé àjọ wa ni òjò pa lọ́dún kan, èmi ni olórí àjọ, ẹyọ kan ṣoṣo ló wà. A jókòó láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kálukú ń sọ iye tó rántí, ọ̀rẹ́ ogún ọdún ń wo ara wọn lójú. Ọmọ mi, ẹ sáré.

Omo Adeta:
Mo ni sola ni soobu mi, Adeta nibi. Gun okada maa bo, mi o ni gba owo charge. Mo ti fi nomba ranse si inbox e.

Ọmọ Tanke:
Mo ti wà lọ́nà.

Ọmọ Tanke:
Mo ti wọlé. Fáìlì náà jẹ́ 38MB. Mo ṣí i, mo wá "ẹ̀kọ́" nínú ẹ̀, ó gbé e jáde pẹ̀lú gbogbo àmì ẹ̀. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Kóòdà Ọ̀fà:
Alhamdulillahi. Má kúrò níbẹ̀ láìfi ẹ̀dà kan sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíì.

Ọmọ Tanke:
Ó ti wà lórí fóònù Ọmọ Adéta. Mò ń kọ̀wé sí àwọn tó wà lórí Telegram lọ́wọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni mò ń sọ. Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi ka ìwé náà kí n tó fi ránṣẹ́.

Ojú Ọkàn:
Nọ́ńbà 17 ńkọ́?

Ọmọ Tanke:
Lẹ́yìn ti Python, sà. Fọ́tò àbúrò mi náà, mo ti sọ fún un, ó ní kí n dín in kù.