Ọmọ tó ní òun kì í kàwé: ẹ sọ bí ẹ ṣe ń mú un dé ìdí ìwé

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ àti olùtọ́jú ilé ìkàwé. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ girama ló ní yàrá ìwé tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lápò ẹnì kan ṣoṣo, eruku nìkan ló ń yá ìwé níbẹ̀. Mo fẹ́ kí àwọn tí iṣẹ́ yìí yé dáadáa sọ bí wọ́n ṣe ń mú ọmọ mọ ìwé, àti bí wọ́n ṣe ń tipa ìwé mú ọmọ mọ èèyàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wàásù fún wa pé ìwé kíkà dára. Ẹ sọ bí ẹ ṣe ń ṣe é, àsìkò tó ń gbà, àti ibi tó ti máa ń dàrú.

Olùtọ́jú ilé ìkàwé, Ìbàdàn

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ló sábà máa ń ba nǹkan jẹ́. Bí ọmọ JSS2 bá wọlé, tí ẹ bi í pé, "Irú ìwé wo lo fẹ́ràn?", á ní, "Èyíkéyìí, mà." Ẹni tí kò tíì ka ìwé kan tán rí, ibo ni yóò ti rí irú tó fẹ́ràn? Ẹ bi í ní ohun tí ó lè dáhùn. Kí lo wò gbẹ̀yìn tí inú rẹ bàjẹ́ nígbà tó tán? Iṣẹ́ wo lo máa ń bá wọn ṣe nílé ní Sátidé? Ta lẹ jọ máa ń jókòó?

Ìdáhùn yẹn ni ẹ máa gbé lọ sí ìdí pẹpẹ. Ọmọ tó ń bá bàbá rẹ̀ tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, ẹ má fi ìtàn àròsọ bẹ̀rẹ̀ fún un. Ẹ mú un lọ sí nọ́ńbà 621 nínú ètò Dewey, ìyẹn nọ́ńbà tí ilé ìkàwé fi ń to ìwé sórí pẹpẹ, níbi tí àwòrán ẹ̀rọ wà. Èyí tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀, 646. Èyí tí bọ́ọ̀lù kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, 796.334. Ìtàn á dé bó bá yá. Bàtà tó bá ẹsẹ̀ mu ni ọmọ ń wọ̀ rìn.

Ìwé mẹ́ta ni kí ẹ gbé lé tábìlì. Ẹyọ kan dà bí àṣẹ, mẹ́wàá á kó ìdààmú bá a. Kí ọ̀kan tín-ín-rín, kó má ju ojú-ìwé 80 lọ. Kí ọ̀kan ní àwòrán. Kí ìkẹta le díẹ̀ ju ibi tí ẹ rò pé agbára rẹ̀ mọ. Lẹ́yìn náà, ẹ kúrò níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ẹ bá dúró tì í, èyí tó rò pé ó wù yín ló máa mú, kò sì ní ṣí i tó bá délé.

Kó tó gbé e lọ, kó ka ojú-ìwé kan láàárín ìwé náà, kó máa ká ìka kan fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí kò mọ̀. Ìka méjì tàbí mẹ́ta dára. Bí gbogbo ìka ọwọ́ kan bá ti ká kí ojú-ìwé náà tó tán, ìwé náà ṣì le fún un. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ "èyí ju tìẹ lọ" lójú ẹgbẹ́ rẹ̀ o! Ẹ ní ẹ máa fi pamọ́ dè é di táàmù tó ń bọ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sórí pépà há sínú ìwé náà lójú rẹ̀. Ó máa padà wá béèrè.

Olùkọ́ èdè Yorùbá, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú ìdáhùn, mà. Ṣùgbọ́n ìka kíká yẹn kì í ṣiṣẹ́ lórí ìwé Yorùbá. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ mọ̀ létí ni ojú rẹ̀ kò mọ̀. Ọmọ tó ń sọ igba, igbá àti ìgbà láti kékeré láì ṣì í pè á dúró gbagidi tó bá rí i lójú ìwé, á sì kígbe pé Yorùbá le. Àìmọ àmì ohùn ni, kì í ṣe àìmọ èdè.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ nìyí: kí àgbà ka ojú-ìwé méjì àkọ́kọ́ sókè, kí ọmọ máa fi ìka tọ ìlà náà. Kí ọmọ fúnra rẹ̀ ka ìkẹta sókè. Láti ìkẹrin lọ, kó máa kà á sínú. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó. Bí ẹ bá fo ti kíkà sókè yìí, ọmọ á ka ìpínrọ̀ kan lẹ́ẹ̀mẹta, á pa ìwé dé.

Fún SS2, ẹ fi Ògbójú Ọdẹ tí Fágúnwà kọ ní 1938 dán an wò pẹ̀lú ìtumọ̀ tí Ṣóyínká ṣe ní 1968. Ẹ pín àwọn ọmọ ní méjì-méjì, kí ọ̀kan mú Yorùbá, kí èkejì mú Gẹ̀ẹ́sì, ibì kan náà lọ́sẹ̀ kan. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ fún wọn: níbo ni ìtumọ̀ ti yà kúrò lọ́nà, kí ló dé? Àríyànjiyàn tó máa bẹ́ sílẹ̀, ẹ má pa á. Àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì yọ̀ mọ́ lẹ́nu á rí i pé ẹni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa ló ń borí.

Nǹkan kan tún wà. Nínú ètò Dewey, lítíréṣọ̀ Yorùbá wà ní 896.333, ìyẹn ẹ̀yìn pátápátá lọ́wọ́ 800. Tí ẹ bá to pẹpẹ bí nọ́ńbà ṣe wí, ìwé Yorùbá á bọ́ sí kọ̀rọ̀ lẹ́bàá ilẹ̀. Ẹ kó o wá sẹ́nu ọ̀nà. Nọ́ńbà rẹ̀ á ṣì wà lára rẹ̀. Dewey kò ní bínú.

Ìyá oníwèé, Òṣogbo

Ọ̀rọ̀ tèmi dá lórí bí a ṣe ń polówó ìwé ní kíláàsì, nítorí ibẹ̀ ni a ti ń mú ọgọ́ta ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Pírííọ́dù kan jẹ́ ogójì ìṣẹ́jú. Ìwé márùn-ún, ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nìyẹn. Èyí tó kù, ẹ fi sílẹ̀ fún yíyá, torí òṣìṣẹ́ kan kò lè kọ orúkọ ọgọ́ta ọmọ ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ má sọ ìtàn ìgbésí ayé òǹkọ̀wé, ẹ má sọ ẹ̀kọ́ inú ìwé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wàhálà ti ṣẹlẹ̀, ẹ sọ ọ́ bí apàlọ́ ṣe ń pàlọ́, kí ẹ sì dákẹ́ kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Bí wọ́n bá pariwo pé "Ẹ̀n-ẹ́n, kí ló wá ṣẹlẹ̀?", ẹ gbé ìwé sókè, ẹ ní ojú-ìwé 41 ló wà.

Ibi tó ti máa ń dàrú: ìkínní, olùtọ́jú ilé ìkàwé kò ka ìwé náà. Ọmọ mọ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Bí àyè kò bá sí, ẹ ka ogún ojú-ìwé àkọ́kọ́ àti mẹ́wàá láàárín. Ìkejì, ẹ̀dà kan ṣoṣo ló wà. Ẹni ogún á fẹ́ ẹ, ọ̀kan á rí i gbà, mọ́kàndínlógún á bínú lọ. Ìwé tí ẹ̀dà rẹ̀ kò tó mẹ́ta, ẹ má polówó rẹ̀, tàbí kí ẹ lẹ ìwé ìdúródè mọ́ ara ògiri, orúkọ àti ọjọ́, kí gbogbo ojú máa rí ẹni tó kàn. Ìkẹta, àsìkò. Ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹfà nínú táàmù ló dára. Tí ìdánwò bá ti sún mọ́lé, ìwé ìbéèrè àtijọ́ WAEC nìkan ni wọ́n ń wá.

Lórí pẹpẹ, ẹ dojú ìwé mẹ́jọ sí mẹ́wàá kọ ẹnu ọ̀nà, kí èèpo iwájú rẹ̀ máa wo èèyàn, ní ibi tí ojú ọmọ JSS1 mọ. Ẹ̀yìn ìwé kì í pe èèyàn. Èyí tí kò bá lọ ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ dá a padà, ẹ gbé òmíràn síbẹ̀.

Olùkọ́ kan, Ìlọrin

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Owó ìtanràn ńkọ́? Púrínsípà wa ní láìsí ìtanràn, ìwé ò ní padà.

Olùtọ́jú ilé ìkàwé, Ìbàdàn

Ẹ̀gbọ́n, ìtanràn kì í dá ìwé padà, ọmọ ló ń lé lọ. Ẹni tí ìwé bọ́ sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì lówó, kò ní gba iwájú ilé ìkàwé kọjá mọ́ títí yóò fi jáde. Ìwé kan fún ọjọ́ 14 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá dá mẹ́ta padà láì pẹ́, kó máa yá méjì. Ìwé tó sọnù, kí wọ́n ra òmíràn, ì báà jẹ́ àlòkù, tàbí kí ọmọ náà fi ọ̀rá bo ìwé mẹ́wàá lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́. Rẹ́jísítà yín kò nílò ju òpó mẹ́fà lọ: ọjọ́, orúkọ, kíláàsì, nọ́ńbà ìwé, ọjọ́ ìdápadà, ìbuwọ́lù. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, ẹ kọ orúkọ àwọn tí ọjọ́ wọn ti kọjá sórí pépà pélébé, ẹ fún olùkọ́ kíláàsì. Ẹ má pe orúkọ wọn níbi ìtò àárọ̀.

Kí ẹ sì sọ fún púrínsípà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ìwé díẹ̀ máa sọnù lọ́dọọdún. Ìwé tí kò sọnù rárá, inú kọ́bọ́ọ̀dù ló wà.

Alátùnṣe ìwé

Kúkúrú ni tèmi. Ikán: ẹ sún pẹpẹ kúrò lára ògiri tó ìbú ọwọ́ kan, ẹ ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ inú agolo tí ọ́ìlì mọ́tò tí wọ́n ti lò wà. Ẹ má to ìwé mọ́ra pinpin. Afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ gbà á kọjá, àgàgà ní Okúdù àti Oṣù Keje, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àbàwọ́n dúdú á yọ lára rẹ̀. Ìwé tó ya, gọ́ọ̀mù funfun tí káfíńtà ń lò ni, kí ẹ fi omi díẹ̀ là á, kí ẹ gbé nǹkan wúwo lé e di ọjọ́ kejì. Ẹ jìnnà sí sẹ́lótéèpù: á pọ́n, gọ́ọ̀mù ara rẹ̀ á yọ́, á lẹ ojú-ìwé méjì pọ̀.

Láti Abẹ́òkúta

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ béèrè nípa mímú ọmọ mọ èèyàn. Ọ̀nà kan wà tí àwọn ará Copenhagen dá sílẹ̀ ní 2000: dípò ìwé, èèyàn ni ẹ máa "yá". Ó bá ilẹ̀ wa mu gan-an, nítorí ìmọ̀ tí a kò tíì kọ sílẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbà wa.

Ẹ wá èèyàn márùn-ún: aláró láti Ìtòkú, alágbẹ̀dẹ, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, awakọ̀ ọkọ̀ ẹrù, ẹni tó ń ta ewé àti egbò. Ọmọ mẹ́rin sí tábìlì kan, ogún ìṣẹ́jú, kí wọ́n pààrọ̀ ìjókòó lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ìbéèrè méjì, kí ẹ sì bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni iṣẹ́ yín?" kì í ṣe ìbéèrè. "Kí ló máa ń mú kí aró kú nínú ìkòkò?" ni ìbéèrè.

Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni pé àgbà á máa sọ̀rọ̀ lọ fún ogójì ìṣẹ́jú, ọmọ ò sì lè já lu ọ̀rọ̀ àgbà. Ẹ ti bá wọn sọ ọ́ sílẹ̀ pé agogo kékeré kan á dún. Agogo ló dá a dúró, kì í ṣe ọmọ, ẹnikẹ́ni ò rí wa fín. Ẹ fún wọn lówó ọkọ̀. Kí ìwé méjì tó jẹ mọ́ iṣẹ́ wọn sì wà lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan, 746.6 fún aláró bí àpẹẹrẹ. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tán ni ọmọ ń yá a.

Èkejì ni kí SS2 máa bá JSS1 kàwé. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ohùn méjèèjì pọ̀, kí ẹ̀gbọ́n dákẹ́ nígbà tí àbúrò bá fi ọwọ́ gbá tábìlì pé òun fẹ́ dá a kà. Bí àbúrò bá ṣì í pè, kí ẹ̀gbọ́n ka ení dé àrùn-ún nínú kó tó sọ ọ́. Ẹ má kó àwọn tó ń gba ipò kìíní nìkan jọ fún un. Ọmọ SS2 tí kíkà ò yọ̀ mọ́ lẹ́nu ló ń jèrè jù, torí ó ti rí ìdí tí kò fi ní tijú láti gbé ìwé kékeré. Yàrá kan náà ni kí gbogbo wọn wà, kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Kí ẹ sì kìlọ̀: sẹ́níọ̀ kò gbọdọ̀ rán júníọ̀ níṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà. Ọjọ́ tí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, wọ́n á ti rán an lọ pọn omi.

Láti Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má rò pé ọ̀dọ̀ tiwa dán mọ́nrán. Òfin fi dandan lé e kí ọgbà ẹ̀wọ̀n ní England ní ilé ìkàwé, kò fi dandan lé e fún ilé-ẹ̀kọ́.

Bí ilé-ẹ̀kọ́ méjì, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan nílé, bá fẹ́ jọ ka ìwé kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló ń gbà. Kálẹ́ńdà ló kọ́kọ́ máa ń dà á rú: ìsinmi wọn kì í bọ́ sójú kan náà. Ẹ kọ kálẹ́ńdà méjèèjì sórí pépà kan kí ẹ tó mú ìwé rárá. Ọwọ́ ni kí àwọn ọmọ fi kọ lẹ́tà, kí olùkọ́ ya àwòrán rẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí olùkọ́. Orúkọ àkọ́kọ́ nìkan. Kò sí nọ́ńbà fóònù, kò sí àdírẹ́sì ilé. Ẹ má jẹ́ kí lẹ́tà àkọ́kọ́ jẹ́ "báwo ni, mo ń gbé ní Peckham". Kó jẹ́ lórí ẹnì kan nínú ìtàn tí ọmọ náà kò gbà pẹ̀lú rẹ̀. Èsì á ti gbóná kó tó dé.

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní yàrá rárá ńkọ́?

Ìyá oníwèé, Òṣogbo

Àpótí onípákó tó ní ìdérí àti àgádágodo, ìwé 30 nínú rẹ̀, kò gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ọmọ méjì lè gbé e. Kó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní kíláàsì kan kó tó bọ́ sí òmíràn. Ọmọ méjì ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan ni kó máa ṣí i ní ìgbà ìsinmi. Ẹ lẹ àkọsílẹ̀ ìwé 30 náà mọ́ inú ìdérí rẹ̀, kì í ṣe òde. Òde ni òjò ti ń pa á.