Wọ́n kọ mọ́fíìnì fún màmá wa: ṣé ká fún wọn?

Ọmọ Ìyá Aláṣọ, Ilé-Ifẹ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá agbára mi ni mo ṣe gbé e wá. Jẹjẹrẹ ìfun ńlá ló ń ṣe màmá wa, ó sì ti ràn dé ẹ̀dọ̀. Àwọn dókítà ní iṣẹ́ abẹ kò lè kó o tán mọ́, pé ìtọ́jú tí yóò mú ara dẹ̀ wọ́n ló kù. Wọ́n kọ mọ́fíìnì olómi, oògùn ìrora tó lágbára, wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n wa yarí. Wọ́n ní oògùn tí wọ́n fi ń pa aláìsàn ni, pé ilé ìwòsàn ti jáwọ́ lọ́rọ̀ màmá. Ìgò náà ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, màmá sì ń di ikùn mú mọ́jú. Oúnjẹ kò tún wọlé mọ́. Bí a bá rọ àmàlà díẹ̀ sí wọn lẹ́nu, wọ́n á bì í. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀ṣà, Ilésà:
Ẹ kú ìtọ́jú màmá, àbúrò mi. Ọlọ́run á fún yín lókun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ ẹ̀gbọ́n, kí màmá bẹ̀rẹ̀ oògùn yẹn lónìí. Bí ẹ bá lò ó ní ìwọ̀n tí dókítà kọ, kì í pa èèyàn. Láti 1986 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí a máa fi tọ́jú ìrora jẹjẹrẹ tó bá le. Agbára rẹ̀ kì í ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin lọ lára, torí náà aago ni kí ẹ máa wò. Ẹ má dúró dìgbà tí màmá bá ké.

Oorun lè máa kùn wọ́n lọ́jọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, èébì náà lè máa gbé wọn. Ìyẹn máa ń lọ. Àìrígbẹ́yà ni kì í lọ, ẹ béèrè oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀ lọ́wọ́ dókítà. Síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ ni kí ẹ fi wọn mọ́fíìnì, torí ṣíbí ilé kò dọ́gba. Ẹ máa kọ aago tí ẹ lò ó sínú ìwé, ẹ sì gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó. Ẹ má fi kún un fúnra yín. Bí ẹ bá jí wọn tí wọn ò jí, tàbí tí èémí wọn falẹ̀ jù, ẹ sáré pe dókítà.

Pé wọ́n jáwọ́ kọ́ nìyẹn o! Ìtọ́jú gan-an ni. Bí omi bá kún ikùn, wọ́n lè fà á. Bí ọ̀nà òróòro bá dí tí ojú pọ́n, nígbà mìíràn wọ́n lè ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ kó lè ṣí.

Bàbá Ìbejì, Mọdákẹ́kẹ́:
Mo tọ́jú àǹtí mi tí jẹjẹrẹ àpòlúkù ń ṣe, ohun tí ẹ sọ nípa àmàlà yẹn yé mi. Ẹ má rọ ọ́ mọ́. Àìsàn yìí máa ń gba ìfẹ́ oúnjẹ lọ́wọ́ èèyàn, rírọ̀ ò sì lè dá a padà. Ẹ̀kọ mímu lọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ fi lọ̀ wọ́n, nínú ife kékeré. Bí wọ́n bá fẹnu kàn án, tí wọ́n gbé e sílẹ̀, ẹ kí wọn kú iṣẹ́. Ẹnu àǹtí mi máa ń gbẹ, ètè wọn ń là. Mo máa ń ki òwú tó mọ́ bọ omi, mo fún un, mo rọra nu eyín àti abẹ́ ahọ́n, lẹ́yìn náà mo fi òrí díẹ̀ kun ètè. Èyí dùn mọ́ wọn ju oúnjẹ lọ.

Ọmọ Ìyá Aláṣọ, Ilé-Ifẹ̀:
Ẹ ṣé gan-an ni. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn fẹ́ gbé àgbo jẹ̀dí wá. Màmá náà ń bi mí pé kí ni dókítà wí, mo kàn ń ní ara yóò yá.

Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀ṣà, Ilésà:
Háà, àgbo jẹ̀dí kọ́! Kókó jẹjẹrẹ náà lè ti fẹ́ dí ìfun, ohun tó ń ti ìgbẹ́ jáde lè dá wàhálà sílẹ̀. Bí ikùn bá wú, tí èébì ò dáwọ́ dúró, tí afẹ́fẹ́ ò gba ìdí jáde, ẹ dá oògùn ìgbẹ́ náà dúró, ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn kíá.

Apòògùn, Ìbàdàn:
Mọ́fíìnì kì í ṣe ohun tí ẹ máa rí ní gbogbo kẹ́míìsì. Ẹ mú ìwé dókítà lọ sílé oògùn OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ifẹ̀ yín níbẹ̀, kí ìgò tó gbẹ. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ bi dókítà nípa UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ìbàdàn níbí, wọ́n ní ẹ̀ka tó ń ṣe ìtọ́jú tó ń mú ara dẹ aláìsàn yìí.

Ní ti ìbéèrè màmá, ẹ bi wọ́n bí wọ́n bá fẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Aláṣọ ni wọ́n: wọ́n mọ ẹni tó jẹ wọ́n lówó, wọ́n mọ ẹni tí wọ́n jẹ, ó sì lè wù wọ́n láti ṣètò rẹ̀ fúnra wọn. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n tẹ̀ lé yín lọ rí dókítà, kí wọ́n fẹnu ara wọn bi í léèrè ọ̀rọ̀ mọ́fíìnì yìí.