Ẹ gbà mí o: ọmọ wa ń bèèrè ibi tí ìyá àgbà wà, ìdáhùn tèmi àti ti bàbá rẹ̀ ò bára mu

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ mi lè gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á.

Ìyá ọkọ mi dolóògbé láìpẹ́ yìí, ọmọ wa obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 8 sì fẹ́ràn wọn kọjá àlà. Lẹ́yìn tá a sin wọ́n tán ló bi mí pé ibo ni màmá wà báyìí, mo ní wọ́n ti wà lọ́run lọ́dọ̀ Jésù, wọ́n ń wò wá. Ó bá gba ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ lọ, ó ní dádì ṣé lóòótọ́ ni màmá ń wò mí. Ọkọ mi ní tiẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì Adventist ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ó ní rárá o, màmá ń sùn ni, wọn ò mọ nǹkan kan tó ń lọ, ọjọ́ àjíǹde ni Jésù máa jí wọn. Ọmọ yìí wá padà sọ́dọ̀ mi, ó ní mọ́mì, nínú ẹ̀yin méjèèjì ta ló ń parọ́?

Wọ́n sì ti kọ́ ọ nípa ìdájọ́ ìkẹyìn ní sọ́ńdè sùkúùlù, ó ní tí màmá bá ti wọ ọ̀run, kí ni wọ́n tún fẹ́ dá lẹ́jọ́, ṣé wọ́n ṣì lè lé wọn jáde ni? Ẹnu mi wọhò. Bàbá rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ ẹnu, ó ní ṣé o rí i báyìí, ìbéèrè tèmi náà nìyẹn.

Èyí tó wá ká mi lára jù ni pé látìgbà tó ti gbọ́ pé màmá “ń sùn” lọmọ ò fẹ́ sùn mọ́. Tí mo bá paná yàrá á tàn án padà. Tóorun bá ti fẹ́ gbé e lọ, á jí gìrì, á fọwọ́ kan ojú mi wò bóyá mo là á. Ó ní tóun bá sùn tóun ò jí ńkọ́. Kí ni kí n sọ fún un tí mi ò fi ní parọ́, tí mi ò sì ní sọ bàbá rẹ̀ di onírọ́?

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́ mama, ẹ kú àṣẹ̀yìndè màmá o. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ tọmọ ná kí àwọn alákọ̀wé tó dé pẹ̀lú ẹsẹ Bíbélì. Ẹ má bá ọmọ kékeré pe ikú ní oorun mọ́, kódà tó bá wà nínú Ìwé Mímọ́. Àgbà mọ̀ pé àfiwé ni, ọmọ ò mọ̀. Ẹ sọ fún un pé màmá kú, pé ara wọn ti dákẹ́ iṣẹ́, wọn ò mí mọ́, kò sí ibi tó ń dùn wọ́n, àti pé oorun alẹ́ tiẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, ara tó ń sinmi tí ọkàn ń lù nínú rẹ̀ ni. Kó gbé ọwọ́ lé àyà ara rẹ̀ kó gbọ́ bó ṣe ń lù. Èmi ṣe bẹ́ẹ̀ fún tèmi, ó ṣiṣẹ́.

Alàgbà: Ọmọ mi, ọkọ rẹ ò parọ́ o. Oníwàásù 9:5 sọ ọ́ gbangba pé àwọn òkú ò mọ ohun kan. Jésù fúnra rẹ̀ ní Lásárù sùn, Jòhánù 11, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rò pé oorun lásán ni, ló bá là á mọ́lẹ̀ fún wọn pé ó ti kú. Dáníẹ́lì 12:2 náà, àwọn tó ń sùn nínú erùpẹ̀ ló máa jí. Tá a bá sì ní olè orí àgbélébùú bá Jésù wọ ọ̀run lọ́jọ́ ẹtì yẹn, kí ló dé tó fi sọ fún Màríà lọ́jọ́ àjíǹde pé òun ò tíì gòkè lọ sọ́dọ̀ Baba? Jòhánù 20:17, ẹ kà á. Ìgbàgbọ́ tiwa Adventist yìí gan-an ló mú kí ìdájọ́ nítumọ̀, kò sẹ́ni tó ti gba èrè ṣáájú kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. A ò sì gbà pé Ọlọ́run á máa sun ẹnikẹ́ni títí láé, Málákì 4 ní àwọn ẹni búburú á di eérú. Wọ́n á jóná tán ni.

Bọ̀dá Tíṣà: Bàbá, ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ fo Lúùkù 23:43, “lónìí” ni Jésù wí fún olè yẹn pé á wà pẹ̀lú òun ní Párádísè. Pọ́ọ̀lù náà ní Fílípì 1:23 ní òun ń fẹ́ lọ láti wà pẹ̀lú Kristi, ó ní ó sàn jù. Tó bá jẹ́ pé kéèyàn lọ sùn láìmọ nǹkan kan ni, báwo ló ṣe máa sàn ju kó wà láàyè kó máa wàásù lọ? Ẹ tún wo Ìfihàn 6, ọkàn àwọn tí wọ́n pa nítorí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ń ké lábẹ́ pẹpẹ pé yóò ti pẹ́ tó. Ẹni tó sùn kì í ké. Ti iná tó ń jóná tán yẹn náà, Mátíù 25:46 fi ìyà àìnípẹ̀kun àti ìyè àìnípẹ̀kun sínú ẹsẹ kan náà, tẹ́ ẹ bá gé ọ̀kan kúrú ẹ máa gé ìkejì nìyẹn.

Alàgbà: Ìwé Ìfihàn kún fún àpẹẹrẹ, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹranko olórí méje ńkọ́, ṣé òun náà wà níbì kan?

Bọ̀dá Tíṣà: Hahaha, Bàbá ẹ ti mú mi 😂 síbẹ̀ Fílípì kì í ṣe àpẹẹrẹ o.

Sista Kátólíìkì: Mama, ẹ má jẹ́ kó ṣe yín bíi pé ilé yín nìkan nìjà yìí wà. Póòpù gan-an ti kó sí i rí. John Kejìlélógún bẹ̀rẹ̀ sí wàásù ní 1331 pé ọkàn àwọn olódodo ò tíì rí ojú Ọlọ́run títí di ọjọ́ ìdájọ́ ìkẹyìn, ariwo ta, àwọn onímọ̀ Bíbélì dìde sí i, ìgbà tó wà lórí àkéte ikú ní 1334 ló tó kó ọ̀rọ̀ náà jẹ. Ẹni tó gorí oyè lẹ́yìn rẹ̀, Benedict Kejìlá, ló wá fàṣẹ sí i ní 1336 pé ẹni tí kò ní ìwẹ̀nùmọ́ kankan tó kù á rí Ọlọ́run lójú ẹsẹ̀, kí àjíǹde tó dé. Ohun tí ṣọ́ọ̀ṣì wa gbà títí dòní nìyẹn.

Ìdáhùn ìbéèrè ọmọ yín sì wà nínú rẹ̀. Ìdájọ́ méjì la gbà gbọ́. Ti àkọ́kọ́, èèyàn kan ṣoṣo níwájú Ọlọ́run, gbàrà tó bá kú. Ti ìkẹyìn, gbogbo ayé pọ̀, tòun tara tó jí dìde. Ẹ wò ó bí ẹjọ́ tí adájọ́ ti dá ní yàrá rẹ̀, tó wá jáde wá kà á sétí gbogbo kóòtù, ìdájọ́ ò yí padà, àmọ́ ojú gbogbo èèyàn ló ti máa hàn bó ṣe tọ́, àti ohun tí ìwà tẹ́nì kan hù dá sílẹ̀ fáwọn tó wà láyé lẹ́yìn rẹ̀. Torí náà kò sẹ́ni tó máa lé màmá jáde. Tó bá sì jẹ́ pé ìwẹ̀nùmọ́ ṣì kù fún wọn, àwa ń gbàdúrà fún wọn, a tiẹ̀ ní ọjọ́ kan fún un, November 2. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin tó kù ò gba pọ́gátórì, ìyẹn ìwẹ̀nùmọ́ lẹ́yìn ikú yìí, ẹ má bú mi.

Akíkanjú fún Kristi: Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bíi pé ẹ mọ̀ dájú pé ìyá yẹn wọ ọ̀run. Ṣé wọ́n di àtúnbí? Hébérù 9:27, lẹ́yìn ikú ìdájọ́ ni. Ẹ sọ òtítọ́ fọ́mọ kó lè tètè fayé rẹ̀ fún Jésù, ìbẹ̀rù iná ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn là.

Ìyá Ìbejì: Ọmọ ọdún 8 tí kì í sùn mọ́ lẹ fẹ́ tún fi iná dẹ́rù bà? Ẹ gbà wá o.

Bọ̀dá Tíṣà: Bọ̀dá mi, Hébérù 9:27 ní ìdájọ́ wà, kò ní ìwọ ladájọ́. Olè yẹn ò lè sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣèrìbọmi, kò ráyè dá ohun tó jí padà, gbólóhùn kan péré ló fi bẹ Jésù. Ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì màmá tó mọ ohun tí wọ́n bá Ọlọ́run sọ? Jẹ́nẹ́sísì 18:25, Onídàájọ́ gbogbo ayé ò ní ṣe é tán kó ṣe é láìtọ́. Ibi tí mo máa ń dúró sí nìyẹn tí wọ́n bá bi mí nípa òkú ẹnikẹ́ni.

Mama tó bèèrè: Ẹ ṣé gan-an, ẹkún ń gbọ̀n mí bí mo ṣe ń kà á. Bọ̀dá Akíkanjú, màmá mọ Jésù ju èmi lọ, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. “Wọ́n ń wò wá” tí mo sọ yẹn ńkọ́, ṣé ó wà nínú Bíbélì?

Sista Kátólíìkì: Àwọn kan máa ń mú Hébérù 12:1 fún un, ìkùukùu àwọn ẹlẹ́rìí. Àwa gbà pé àwọn ẹni mímọ́ ń gbàdúrà fún wa.

Bọ̀dá Tíṣà: Èmi ò ní fi ẹsẹ yẹn jẹ́jẹ̀ẹ́, àwọn tó fi ìgbàgbọ́ wọn jẹ́rìí ní orí 11 ló ń sọ. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìdáhùn yín mama, torí òun gan-an ni bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ fà ya. Ẹ̀yin méjèèjì ẹ wá nǹkan tẹ́ ẹ jọ gbà, kí ọmọ gbọ́ ọ lẹ́nu yín pa pọ̀. Àjíǹde wà níbẹ̀. Adventist gbà á, Kátólíìkì gbà á, àwa náà ń kà á nínú ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́: yóò padà wá ṣe ìdájọ́ alààyè àti òkú, àjíǹde ara, ìyè àìnípẹ̀kun. Ìjà yín ò ju ohun tó wà láàárín ikú àti ọjọ́ yẹn lọ.

Alàgbà: Mo fara mọ́ èyí. Ní ti ẹni tó sùn pàápàá, kò ní mọ̀ pé àkókò kankan kọjá. Á dijú, á la ojú, Jésù ló máa rí.

Mama tó bèèrè: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. A jọ jókòó bá a sọ̀rọ̀, èmi àti bàbá rẹ̀. A ní màmá wà lọ́wọ́ Jésù, kò sí ìrora, a ní mọ́mì àti dádì ò gbà bákan náà lórí bó ṣe rí nísinsìnyí, kò sì sẹ́ni tó ń parọ́, àmọ́ àwa méjèèjì gbà pé Jésù máa jí wọn dìde. Ó dákẹ́, ó ní ó dáa. Ó gbé ọwọ́ lé àyà rẹ̀ lóru bí Ìyá Ìbejì ṣe wí, ó gba oorun díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìbéèrè tuntun tó wá délẹ̀ ni pé tí màmá bá jí, ṣé ẹsẹ̀ tó ń ro wọ́n yẹn náà á tún máa ro wọ́n?

Alàgbà: 1 Kọ́ríńtì 15:42 sókè. Rárá o. Jẹ́ kí bàbá rẹ̀ ló kà á fún un.