Mo gbin efinrin, mo gbin ewúro, labalábá ò yà sọ́dọ̀ mi

Olùbéèrè: Ẹ̀yin ará Orókì, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀tà-Ẹfun ní Òṣogbo ni mo wà. Láti oṣù mẹ́rin ni mo ti gbin efinrin àti ewúro sẹ́yìnkùlé nítorí labalábá. Ẹ má bi mí iye tí mo ra ilẹ̀ dúdú. Àwọn aládùúgbò ti sọ mí di Bàbá Labalábá, wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín. Eṣinṣin nìkan ló ń bà síbẹ̀! Nǹkan kan tún ń jẹ ewé igi ọsàn wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹ gbà mí o.

Ìyá Ẹlẹ́wé: Ṣé efinrin yẹn ti tanná? Oje òdòdó ni labalábá ń wá, kì í ṣe ewé. Bí ẹ bá ń já ṣóńṣó orí rẹ̀ sọ́bẹ̀, kò ní tanná láéláé. Ẹ máa já ìdajì, ẹ fi ìdajì sílẹ̀. Oòrùn náà gbọ́dọ̀ tó wákàtí mẹ́fà lójúmọ́.

Olùbéèrè: Ìyàwó mi ló ń já a. A ò lè torí labalábá má jẹ ọbẹ̀.

Bọ̀dá Ọlọ́gbà: Òdòdó nìkan ò tó. Labalábá tó mu oje tán, á bá tirẹ̀ lọ. Ibi tó máa yé sí ló ń wá, oríṣi kọ̀ọ̀kan ló sì ní ewé tirẹ̀. Èyí tó dúdú, tó ní tóótòòtóó àwọ̀ ìyeyè lára, ewé ọsàn ló ń yé sí, ẹyin kan níhìn-ín, ẹyin kan lọ́hùn-ún, róbótó bí orí píìnì. Ọmọ rẹ̀ kékeré jọ ìgbẹ́ ẹyẹ gẹ́lẹ́. Tó bá dàgbà, á dà bí ewé. Ẹ fọwọ́ kàn án, á yọ ìwo méjì aláwọ̀ ọsàn, òórùn rẹ̀ á gba imú yín. Èyí tó pupa, tí etí ìyẹ́ rẹ̀ dúdú, bomubómu ni tirẹ̀, ewé tí àwọn Fúlàní fi ń ṣe wàrà.

Ọmọ Orókì: Bomubómu kẹ̀? Bí oje rẹ̀ bá ta sójú ọmọdé ńkọ́?

Bọ̀dá Ọlọ́gbà: Ẹ gbìn ín síbi tí ọmọdé ò dé, ẹ wọ ìbọ̀wọ́.

Olùbéèrè: Ẹ dúró ná. Èyí tó jọ ìgbẹ́ ẹyẹ yẹn pọ̀ lórí ọsàn mi! Gbogbo Sátidé ni mo ń fín in ní òtapiapia. Mo máa ń fín in yí efinrin náà ká nítorí ẹ̀fọn.

Ìyá Ẹlẹ́wé: Èèwọ̀! Ẹ ń pa ọmọ, ẹ ń retí ìyá. Efinrin yẹn náà lẹ sì ń jẹ? Ẹ gé e kù bí ìka mẹ́rin sílẹ̀, ẹ da èyí tẹ́ ẹ gé nù, kó rú tuntun kí ẹnikẹ́ni tó já a.

Ọmọ Orókì: Ẹ kúkú fi omi dóńgóyárò rọ́pò òtapiapia.

Bọ̀dá Ọlọ́gbà: Rárá o! Kòkòrò tó bá jẹ ewé tí wọ́n fi dóńgóyárò wọ́n kì í lè bọ́ awọ, á kú. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Igi ọsàn tó ti lágbára á tún rúwé. Bí tiyín bá kéré, ẹ kó díẹ̀ lọ sórí igi ọsàn mìíràn, ọ̀pọ̀ ewé mìíràn ò bá wọn lára mu. Láti ẹyin dé labalábá lé ní oṣù kan, ẹ ní sùúrù. Ẹ gbé àwo iyanrìn tútù sínú oòrùn. Àwọn akọ máa ń wá fa omi ibẹ̀ mu.

Olùbéèrè: Mo ti gbé ike òtapiapia kúrò. Ẹ̀fọn ńkọ́?

Ìyá Ẹlẹ́wé: Ẹ kan nẹ́ẹ̀tì sójú fèrèsé.