Láti Tokyo sí Kyoto nínú Shinkansen: kí ẹ tó lè rí Òkè Fuji láti inú ọkọ̀

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Èèyàn mẹ́ta la jọ ń lọ sí Jàpáánì nínú oṣù kejì, tọkọtaya àti ọmọ ọdún mẹ́jọ. Tokyo la ó kọ́kọ́ dé, Kyoto ló kàn. A fẹ́ rí Òkè Fuji láti inú ọkọ̀ ojú irin, ṣùgbọ́n a ò fẹ́ náwó ìnákúnàá. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà náà dáadáa, ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ wo ni ká wọ̀, ìjókòó wo ni ká mú, báwo la sì ṣe ń ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀?

*

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìjókòó, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù Fuji kí wọ́n tó kúrò nílé rárá.

Kóòṣì 16 ló so mọ́ra nínú ọkọ̀ Tokaido Shinkansen, ìyẹn ọkọ̀ ojú irin ayára tó ń gba Kyoto kọjá láti Tokyo lọ sí Osaka. Nínú kóòṣì lásán, èèyàn márùn-ún ló ń jókòó ní ìlà kan: A, B àti C ní ẹ̀gbẹ́ kan, D àti E ní ẹ̀gbẹ́ kejì. A ló wà lẹ́bàá fèrèsé níhà òkun, E ló wà lẹ́bàá fèrèsé níhà òkè. E ni kí ẹ mú. Nínú kóòṣì Green tó gbówó lórí, ìyẹn kóòṣì 8, 9 àti 10, èèyàn mẹ́rin ló ń jókòó ní ìlà kan, kò sí E níbẹ̀, D ni tiyín.

Ọkọ̀ yìí kì í yí po. Orí tó fi wọ Osaka ló máa di ìrù nígbà tó bá ń padà. Ìjókòó nìkan ni wọ́n ń yí kí ó lè kọjú síwájú. Nítorí náà E kò kúrò níhà òkè, ì báà jẹ́ àlọ, ì báà jẹ́ àbọ̀. Bí ẹ bá ń lọ sí Kyoto, ọwọ́ ọ̀tún ni Fuji máa wà. Bí ẹ bá ń bọ̀, ọwọ́ òsì ni. Ẹni tó bá ń fi ọ̀tún àti òsì ṣe ìṣirò ló ń ṣì í nígbà àbọ̀. Lẹ́tà ni kí ẹ máa wò.

Ó ku àkókò. Bí Nozomi, irú Shinkansen tó yá jù lọ́nà yẹn, bá ti kúrò ní Tokyo, bí ìṣẹ́jú 40 sí 45 lẹ́yìn náà ni òkè náà máa ń tóbi jù lójú. Bí ẹ bá ń bọ̀ láti Kyoto, ẹ ka nǹkan bíi wákàtí kan àti ààbọ̀. Lẹ́yìn Atami, ọkọ̀ á wọ inú ihò abẹ́ òkè kan tí wọ́n ń pè ní Shin-Tanna, tó gùn tó kìlómítà 8 ó dín díẹ̀. Bó bá ti jáde níbẹ̀, Mishima ló kàn. Kí fóònù ti wà lọ́wọ́ yín. Fuji á yọ, ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ máa wà níwájú rẹ̀, torí ìlú tí wọ́n ti ń ṣe bébà ni ìlú Fuji, ọ̀pá èéfín pọ̀ níbẹ̀. Ẹ má bọkàn jẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ kọjá ibùdókọ̀ Shin-Fuji ná. Ní kété lẹ́yìn rẹ̀ ni afárá orí odò Fuji wà, tó gùn ní mítà 1,373. Kò sí ilé, kò sí ọ̀pá èéfín. Odò ló tẹ́ sísàlẹ̀, òkè tó ga ní mítà 3,776 ló dúró sókè rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń sáré kìlómítà 285 ní wákàtí kan, bí ìṣẹ́jú àáyá 17 péré lẹ ní lórí afárá náà. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá fóònù nínú báàgì nígbà yẹn, ó ti tán.

Fún àwòrán: ẹ gbé ojú kámẹ́rà lé gíláàsì fèrèsé pẹ́kípẹ́kí, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kàn án, kí iná inú ọkọ̀ má bàa hàn nínú àwòrán. Òpó iná wà létí ọ̀nà, wọ́n sì ń já lu àwòrán ẹni tó bá ń yà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Fídíò ló dára jù. Ẹ tàn án láti Mishima, ẹ má pa á títí ẹ ó fi kọjá afárá, lẹ́yìn náà ẹ yọ èyí tó bá dára nínú rẹ̀.

*

Ẹni tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi ti sọ ọ́ bó ṣe rí. Màá fi ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ kún un, torí òun gan-an ló ń pinnu irú tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ ó rà.

Oṣù kejì dára fún Fuji. Láti oṣù kejìlá sí oṣù kejì, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ, yìnyín funfun sì bo orí òkè náà. Ẹ má fi ọyẹ́ ilé wé e: ọyẹ́ tiwa ń gbé eruku bo òkè, òtútù tiwọn ń ṣí òkè sílẹ̀ ni. Láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ, ọ̀rinrin pọ̀, ìkùukùu lè bò ó látàárọ̀ dalẹ́. Nígbàkígbà nínú ọdún, àárọ̀ sàn ju ọ̀sán lọ. Ọkọ̀ agogo méje tàbí mẹ́jọ àárọ̀ ni mo máa dábàá.

Ìdí nìyí tí n ò fi gba ẹni tó ń wá Fuji níyànjú pé kó kọ́kọ́ sáré ra tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀dínwó tí owó rẹ̀ rẹlẹ̀ jù. Àwọn ẹ̀dínwó tí a gbọ́dọ̀ rà ní ọjọ́ 21 ṣáájú ní òfin tó le, wọ́n sì ń so yín mọ́ wákàtí kan kí ẹ tó mọ bí ojú ọ̀run ṣe máa rí. Tíkẹ́ẹ̀tì lásán tí a rà lórí áàpù Smart EX ṣeé yí padà lọ́fẹ̀ẹ́ kí ọkọ̀ tó gbéra, bí àyè bá ṣì wà. Bó bá ku ọjọ́ kan, ẹ wo bí wọ́n ṣe sọ pé ojú ọjọ́ máa rí ní ìlú Fuji. Kì í ṣe ti Tokyo ni kí ẹ wò, kì í ṣe ti Kyoto náà. Bí wọ́n bá ní ìkùukùu máa wà láàárọ̀, kí ojú ọ̀run sì là lọ́sàn-án, ẹ yí i sí ọ̀sán.

Wàhálà kan tí oṣù kejì ní: yìnyín máa ń já gan-an ní agbègbè Sekigahara, láàárín Gifu-Hashima àti Maibara. Wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi sí ojú irin níbẹ̀, síbẹ̀ ọkọ̀ máa ń dín eré kù, ó sì lè pẹ́ díẹ̀. Ẹ má ṣètò nǹkan tó há jù fún wákàtí tí ẹ bá dé Kyoto.

*

Mo fẹ́ dáhùn ti owó àti tíkẹ́ẹ̀tì.

Irú ọkọ̀ mẹ́ta ló ń ná ọ̀nà yẹn. Nozomi ló yá jù: bíi wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 15 láti Tokyo dé Kyoto. Hikari ń lò tó wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 40. Kodama ń dúró ní gbogbo ibùdókọ̀, ó sì ń tó wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 40. Ẹ má fojú rénà Kodama bó bá jẹ́ ìran lẹ ń wá. Òun nìkan ló ń dúró ní Shin-Fuji, ó sì sábà máa ń dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan ní àwọn ibùdókọ̀ kéékèèké kí Nozomi lè kọjá.

Owó àgbàlagbà kan, àlọ nìkan, tí ìjókòó rẹ̀ ti wà ní ìpamọ́: nǹkan bíi 14,000 yen. Ọmọ ọdún 6 sí 11 ń san ìdajì. Ẹ̀yin mẹ́ta, ẹ ka bíi 35,000 yen fún àlọ. Kóòṣì tí ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ti ń jókòó wà, ṣùgbọ́n ohun tó fi dín kò tó 1,000 yen, kò sì sẹ́ni tó lè fọwọ́ E sọ̀yà fún yín níbẹ̀. Lórí Nozomi, kóòṣì 1 àti 2 nìkan ló kù fún irú rẹ̀ láti oṣù kẹta ọdún 2025. Nígbà ọdún tuntun, ìsinmi ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún àti Obon (ọdún ìrántí àwọn baba ńlá) inú oṣù kẹjọ, kò sí i rárá lórí Nozomi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbọ́ràn sí àwọn àlàyé àtijọ́ tó ní kí gbogbo àlejò ra JR Pass, ìyẹn tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí àlejò fi ń wọ ọkọ̀ ojú irin JR káàkiri Jàpáánì fún iye ọjọ́ kan. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023, ti ọjọ́ méje ti kúrò ní 29,650 yen, ó di 50,000. Tokyo sí Kyoto ní àlọ àti àbọ̀ kò ju nǹkan bíi 28,000 lọ. Ẹ wo òfò tó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá tún fi Pass wọ Nozomi máa san 4,960 yen lé e láti Tokyo sí Kyoto. Àwọn tó ń rin ìlú jìnnà, bíi Tokyo sí Hiroshima, kí wọ́n sì padà, kí wọ́n tún lọ síbòmíràn, àwọn ló lè jẹ èrè rẹ̀. Àlejò tó wá fún ìgbà díẹ̀ ni Pass náà sì wà fún. Kì í ṣe fún ará wa tó ń gbé tó sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ọ̀nà méjì lẹ lè gbà rà á.

Ti Smart EX: ẹ forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú káàdì báńkì, ẹ mú ọjọ́ àti ọkọ̀, kí ẹ sì ṣí àwòrán ìjókòó láti mú E fúnra yín. Ẹ má jẹ́ kí áàpù bá yín yàn án. Káàdì Suica tàbí ICOCA, tí wọ́n ń fi sanwó ọkọ̀ níbẹ̀, lẹ lè so mọ́ ọn, tàbí kí ẹ lo QR. Ti ẹnì kọ̀ọ̀kan ló máa dá ní. Bí ẹ bá kọjá lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rọ á pọ bébà kékeré kan tí nọ́ńbà ìjókòó wà lórí rẹ̀. Ẹ mú un dání.

Ti bébà: láago mẹ́wàá àárọ̀ Jàpáánì, oṣù kan géérégé ṣáájú ọjọ́ ìrìn-àjò, ni títà ìjókòó ń bẹ̀rẹ̀. Agogo méjì òru ni ní Nàìjíríà. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ tán, tí káàdì yín kò bá ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ ibùdókọ̀ ń gba owó lọ́wọ́, ó sì lédè Gẹ̀ẹ́sì. Tíkẹ́ẹ̀tì méjì ló lè jáde: ọ̀kan jẹ́ owó ọ̀nà, ìkejì jẹ́ ti ọkọ̀ ayára àti ìjókòó. Ẹ kì wọ́n bọ ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹyọ kan kò ní ṣílẹ̀kùn.

Àǹfààní tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ nípa bébà ni pé owó ọ̀nà inú rẹ̀ bo gbogbo ibùdókọ̀ JR tó wà nínú ìlú Kyoto. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ nínú Shinkansen, tí ẹ ò jáde sígboro, tí ẹ gba ẹnu ọ̀nà àárín bọ́ sínú ọkọ̀ JR lásán, ẹ lè bá a dé Inari, níbi ojúbọ Fushimi Inari, tàbí Saga-Arashiyama, láìsan kọ́bọ̀ kún un. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí láàárín Tokyo kí ẹ tó wọ Shinkansen. Tíkẹ́ẹ̀tì Smart EX kò ní èyí. Ẹnu ọ̀nà Shinkansen sí ẹnu ọ̀nà Shinkansen ló mọ.

Ìkìlọ̀ kan nípa ibùdókọ̀ Tokyo: ẹnu ọ̀nà Shinkansen méjì ló wà níbẹ̀, ilé iṣẹ́ méjì ló ni wọ́n. Àmì aláwọ̀ búlúù ni tiyín, ojú irin 14 sí 19. Èyí tó ní àmì aláwọ̀ ewé ń lọ síhà àríwá, kò sì ní gba tíkẹ́ẹ̀tì yín.

*

Ẹrù àti oúnjẹ ló kù, ẹ jẹ́ kí n yára sọ ọ́.

Ẹ fi téèpù wọn àpótí yín: gígùn, fífẹ̀ àti gíga, ẹ rò ó pọ̀. Bí kò bá ju 160 sẹ̀ǹtímítà lọ, ẹ gbé e sórí pẹpẹ tó wà lókè orí. Àpótí bàálù tó jẹ́ 158 bọ́ sínú ìyẹn, àmọ́ ẹ rántí pé ẹ̀yin lẹ ó gbé kílò 23 sókè orí. Láti 160 dé 250, ẹ gbọ́dọ̀ mú ìjókòó ìlà ẹ̀yìn pátápátá tó ní àyè ẹrù, ọ̀fẹ́ ni bí ẹ bá mú un ṣáájú. Ẹni tó bá kàn gbé e wọlé máa san 1,000 yen. Ohun tó ju 250 lọ kò gbọdọ̀ wọlé rárá. E ìlà ẹ̀yìn ló máa ń tán kíákíá jù. Bí kò bá sí mọ́, ẹ ní kí òtẹ́ẹ̀lì fi takkyubin (àwọn tó ń bá èèyàn gbé ẹrù láti ibì kan dé ibòmíràn) rán àpótí náà lọ sí òtẹ́ẹ̀lì Kyoto. Ó sábà máa ń dé ní ọjọ́ kejì, kí ẹ mú aṣọ alẹ́ kan dání.

Kò sẹ́ni tó ń ti oúnjẹ kiri mọ́ nínú kóòṣì lásán láti òpin oṣù kẹwàá ọdún 2023. Ẹ ra oúnjẹ páálí tí wọ́n ń pè ní ekiben kí ẹ tó wọlé. Ilé ìtajà Ekibenya Matsuri nínú ibùdókọ̀ Tokyo ní oríṣiríṣi, ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà láàárín 1,000 sí 1,500 yen. Ẹ wá èyí tó ní okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́, bíi ti ahọ́n màlúù. Bí ẹ bá fa okùn náà, omi á tú sórí ẹfun tó wà nísàlẹ̀ páálí, ooru á sọ, èéfín á máa rú jáde létí rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ìrẹsì tó tutù á gbóná fẹlifẹli. Ẹ fà á bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní Shin-Yokohama, kí ẹ jẹun tán kí ẹ tó dé Atami, kí ọwọ́ lè ṣófo.

*

Ẹ ṣeun gan-an, Elédùmarè á bù kún ìmọ̀ yín. Ìbéèrè kan ló kù: ẹgbẹ́ E kò ju èèyàn méjì lọ, mẹ́ta sì ni wá. Ṣé ká kúkú mú A, B, C ni?

*

Rárá o. Bí ẹ bá mú A, B, C, òkun díẹ̀ ní Atami lẹ ó rí, àti Fuji fẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́yìn Shizuoka tí kò tó kà. Ẹ mú D àti E ní ìlà kan, kí ẹ mú E ìlà tó tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Kí ọmọ jókòó sí E iwájú, kí ìyá rẹ̀ wà ní D lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí bàbá wà ní E ẹ̀yìn. Irin ìtẹ̀mọ́lẹ̀ kan wà lẹ́sẹ̀ ìjókòó tí ẹ lè fi yí i padà kí ẹ lè kọjú síra yín, ṣùgbọ́n ẹ má yí i bí àlejò bá wà ní D ẹ̀yìn. Fèrèsé Shinkansen kéré, ìlà kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, nítorí náà bàbá àti ọmọ kò ní du ojú fèrèsé mọ́ ara wọn lọ́wọ́ bí ọkọ̀ bá gun orí afárá.